Agolo Ilá ní Aboabo

Láti ìgbà tí màmá mi ti jáde láyé, Twi tí àwọn onílẹ̀ ìlú yìí ń sọ àti òyìnbó nìkan ni mò ń gbọ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Àdúgbò Ayigya ni mò ń gbé, láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí ariwo orin wọn kì í jẹ́ kéèyàn gbádùn. Kò sẹ́ni tó ń kí mi kú ilé. Nítorí náà, nígbà tí ọmọbìnrin kan ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì mi sọ pé "Ẹ káàárọ̀, mà," ṣe ló ṣe mí bíi kí n dì mọ́ ọn. Ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ló ń gbé ní àdúgbò Aboabo.

Iṣẹ́ mi ni láti kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa dá ìwádìí ṣe, kí wọ́n má máa wojú olùkọ́. Ilá ni òun gbìn sínú àwọn agolo. Ó ń bomi rin àwọn kan, ó ń fi omi du àwọn yòókù, kó lè mọ bí wọ́n ṣe lè fara da òùngbẹ tó. Tí a bá ti jáde kíláàsì, á wá jókòó tì mí, á máa sọ Yorùbá, á máa ti Twi bọ̀ ọ́. Mi ò kì í fẹ́ kó lọ.

Lọ́jọ́ kan, ẹkún ló sun wọlé.

"Mà, ìyá wa àgbà ti bà á jẹ́! Wọ́n da omi alùwàlá tó ṣẹ́kù sí gbogbo ẹ̀. Wọ́n ní sàráà ni, pé kí ló dé tí mò ń fi òùngbẹ pa nǹkan tí Ọlọ́hun dá."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kó tún òmíràn gbìn. Ojúkòkòrò mi bá sọ̀rọ̀: "Kó wọn wá sílé mi. Wàá máa wá wò wọ́n lójoojúmọ́."

"Rárá, mà. Màá ṣàlàyé fún wọn."

Ó sì ṣàlàyé. Àfi bí ìyá àgbà ṣe gbé àpótí sídìí agolo, tí wọ́n ń lé ewúrẹ́, tí wọ́n ń lé ọmọ aládùúgbò, tí wọ́n sọ ara wọn di ọ̀gá ìwádìí! Ọmọ mi ò yà lọ́dọ̀ mi mọ́. Kí ló fẹ́ wá bi mí? Ohun tí wọ́n gbà mí síṣẹ́ fún náà nìyẹn, síbẹ̀ ó dùn mí wọra.

Lọ́jọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbé iṣẹ́ ìwádìí wọn kalẹ̀ níwájú àwọn adájọ́, ẹ̀yìn pátápátá ni mo jókòó sí. Ọmọbìnrin náà sọ̀rọ̀ já gaara, kò tiẹ̀ fi ti omi alùwàlá pa mọ́. Adájọ́ kan bi í pé ta ló ràn án lọ́wọ́.

"Ìyá mi àgbà ni, sà. Ẹlòmíràn ò sí."

Òótọ́ ló sọ. Mo bá wọn pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ro mí.