Oúnjẹ Ẹni Kẹsàn-án

Ọkọ mi lọ sógun abẹ́lé, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú ogun tí àwọn ará àdúgbò wa ní Múṣin rò. Etí odò kan tó jẹ́ ààlà láàárín àwọn àti àwọn ará ọ̀hún ni wọ́n kó o sí, òun àti àwọn mẹ́jọ, nínú kòtò tí wọ́n fi àpò iyanrìn àti ìtì ọ̀pẹ dí yíká. Afárá kan báyìí ni wọ́n ń ṣọ́. Ebi àti ẹ̀fọn ló bá wọn jà jù. Nígbà tó dé, ó rù débi pé mo bínú sí ìjọba, mo sì bínú sí òun náà tó lọ forúkọ sílẹ̀ láìsọ fún mi.

Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ọkọ̀ oúnjẹ ń wá. Sójà tó ń wà á kì í sún mọ́ kòtò nítorí ìbọn, òkèèrè ló ti ń pe orúkọ inú ìwé, iye ẹni tó bá sì dáhùn “Sà!” ni oúnjẹ tó ń já sílẹ̀. Nígbà tí ìbọn pa ọ̀kan nínú wọn, ọmọ Èbúté Mẹ́ta kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ọkọ mi, wọ́n sin ín sẹ́yìn kòtò. Lọ́sẹ̀ yẹn, bí wọ́n ṣe pe orúkọ rẹ̀, ọkọ mi yí ohùn padà, ó dáhùn. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀ kí ogun tó parí. Nígbà tó sọ ọ́ fún mi, mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ọgbọ́n wọn pọ̀. Ojú ṣì ń tì mí dòní.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan ni ìyá ọmọ náà wá sílé wa. Tẹ̀ríntẹ̀rín ló wọlé.

“Wọ́n sọ fún mi ní bárékè pé orúkọ ọmọ mi wà nínú ìwé títí ogun fi parí,” ó ní. “Àwọn èèyàn ń kí mi kú àráfẹ́rakù, mo lé wọn jáde. Ọmọ mi, níbo lẹ ti pínyà?”

“Ojú ọ̀nà ni, mà,” ni ọkọ mi wí. Kò wo ojú rẹ̀.

Ìyá ní kò burú, òun máa wọ rélùwéè lọ́la, òun á lọ wá a kiri. Inú bí mi. Wọ́n ní ọmọ ẹni kú sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Ta ló wá ní kí ọkọ mi sọ ọmọ ọlọ́mọ nù?

“Tẹ́ ò bá sọ ọ́, màá sọ ọ́,” mo sọ fún ọkọ mi.

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, títí dé orí oúnjẹ. Mo rò pé ìyá máa gbá a létí. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó béèrè ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀, ó béèrè aṣọ tí wọ́n fi sin ín.

“Oúnjẹ ọmọ mi yẹn,” ó ní, “ṣé ó tiẹ̀ yó yín?”

“Kò yó wa, Mọ́mì.”

Ìgbà yẹn ni ìyá tó bú sẹ́kún.