Ibi Tí Mo Ní Kí Ọmọ Mi Dúró Sí

Mo máa ń tètè bínú, n kò ní purọ́. Ìyàwó mi a máa sọ pé iná tí mo fi ń jó irin kò gbóná tó mi tí inú bá ń bí mi. Wẹ́dà ni mí. Ojú ọ̀nà Addo ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, gbogbo ẹni tó ń kọjá ló sì ń pè mí ní Àlájì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò tíì fojú kan Mẹ́kà. Mo fi ṣe àdúrà, mo ń jẹ́ ẹ.

Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi ṣe góòlù tí ọmọ mi obìnrin kọ́kọ́ dúró sí. Kóòṣì ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ló gbé iṣẹ́ náà wá. Obìnrin gíga kan ni, ohùn rẹ̀ a máa lọ jìnnà bíi ti ẹni tó ń pe èrò ọkọ̀. Ó ní òun ń kọ́ àwọn ọmọ ní háńdíbọ́ọ̀lù ní pápá kan nínú Abraham Adésànyà Estate, wọn ò sì ní góòlù. Mo ní irú bọ́ọ̀lù wo nìyẹn. Ó ní bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi ọwọ́ jù ni, ẹni méje méje ni wọ́n, ọ̀kan nínú méje náà ló ń ṣọ́ góòlù. Mo fa tépù mi yọ: mítà mẹ́ta ní fífẹ̀, méjì ní gíga. Kò tó géètì tí mo ń ṣe fún àwọn onílé ńlá Lekki. Mo ní nínú ara mi pé, kí ló fẹ́ gba ibi tóóró yìí wọlé?

Ọjọ́ tí mo gbé góòlù náà lọ ni mo rí ọmọ mi láàárín àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó wà nínú wọn. Ó ń fò sókè, ó ń jù ú bí ẹni ń sọ òkò sí mángòrò, ó sì wuyì lójú. Ṣùgbọ́n ṣòkòtò péńpé ló wọ̀, itan rẹ̀ wà níta gbangba, àwọn bíríkìlà tó ń kọ́lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ti jókòó ti búlọ́ọ̀kù, wọ́n ń wòran. Mo gbaná jẹ. Lójú gbogbo ènìyàn ni mo ti ní kó máa bọ̀ nílé, ọmọ mi ò sì ní gbá irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ó sunkún fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Kóòṣì wá bá mi nílé, mo lé e. Ó tún wá. Ìgbà kejì yìí, ó jókòó, ó sì bá mi sọ̀rọ̀ bí ọmọlúàbí. Ó ní ọwọ́ tí ọmọ yìí ní lè gbé e dé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń gbá a fún orílẹ̀-èdè wa. Mo ní ṣé Nàìjíríà tiẹ̀ ní irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀? Ó ní wọ́n ní, ọjọ́ ti pẹ́. Wọ́n ń lọ bá àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà yòókù figẹ̀ wọngẹ̀, wọ́n ń na àwọn tó sún mọ́ wa, àwọn tó jìnnà, tí wọ́n ní gbọ̀ngàn àti owó, ló ń dá wọn dúró. Ó ní wọ́n á lọ, wọ́n á bọ̀, kò sẹ́ni tó ń kí wọn kú àbọ̀. Ọmọ mi wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ń gbọ́. Mo wo ojú rẹ̀, mo sì rí i pé kò sóhun mìíràn tí ọmọ náà ń fẹ́ láyé.

Ó dùn mí. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kó máa sunkún. Kóòṣì ní ọmọ náà lè wọ ṣòkòtò gígùn tó fún mọ́ ẹsẹ̀ sábẹ́ ṣòkòtò péńpé náà. Mo ní aṣọ tó lẹ̀ mọ́ ara bẹ́ẹ̀, ṣé aṣọ ni àbí ọ̀dà tí wọ́n fi kunni? Ó wá ní, ó dáa, ti aṣọ́lé, ẹni tó ń ṣọ́ góòlù, yàtọ̀: ṣòkòtò gígùn tó ṣò dé ọrùn ẹsẹ̀ ni aṣọ́lé ń wọ̀, àti ẹ̀wù alápá gígùn. Mo ní kí ló dé tó ò ti sọ bẹ́ẹ̀ látàárọ̀? Ibẹ̀ ni kí ọmọ mi dúró sí.

Inú mi dùn ṣìnkìn. Mo rò pé mo ti rí ọ̀nà tó gba ẹ̀sìn, tó sì gba ọmọ. Àwọn yòókù á máa sá sókè sá sódò, òun á dúró jẹ́ẹ́ sẹ́nu góòlù bí onílé, ara rẹ̀ á bò. Mo tiẹ̀ fi yangàn fún ìyàwó mi pé ibi ìsinmi ni mo fi í sí. Kóòṣì wò mí, ó fẹ́ sọ nǹkan kan, ó sì gbé e mì. Ó mọ̀ pé tí òun bá là á yé mi, gbogbo rẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn.

Bí ọmọ mi ṣe di aṣọ́lé nìyẹn. N kò lọ wò ó rí. Mo ní iṣẹ́ ò jẹ́ kí n ráyè, àmọ́ ọ̀lẹ náà wà níbẹ̀. Tó bá dé pẹ̀lú ọwọ́ wíwú, á ní òun ṣubú ni. Ìyá rẹ̀ mọ òtítọ́, àwọn méjèèjì jọ dì mí lójú. Ó parí ilé ẹ̀kọ́, ó wọ yunifásítì, ó ń bá a lọ. Nígbà tó yá, wọ́n pè é sí ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè. Háà, ẹ wá wo Àlájì! Mo sọ fún ará iwájú, mo sọ fún ará ẹ̀yìn, a kírun Jímọ̀ tán, mo sọ fún Lèmọ́mù. Wọ́n ní ibo ló ń gbá. Mo ní ẹnu góòlù, níbi tí kò sí wàhálà.

Wọ́n lọ sí ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà. Ìyàwó mi bá mi wá eré wọn jáde lórí fóònù lọ́sàn-án ọjọ́ kan lẹ́yìn ìrun àílà, a gbé fóònù ti agolo ọ̀dà, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó múlé tì mí sì pagbo yí i ká. Àwọn ọmọ wa ti na orílẹ̀-èdè alábàágbé wa kan kó tó dọjọ́ náà. Àwọn tí wọ́n kàn báyìí, orílẹ̀-èdè kan tí n kò ní dárúkọ ni, ó ti ń gba ife kí wọ́n tó bí ọmọ mi. Ẹni tó bá borí ló máa tẹ̀ síwájú.

Kò pẹ́ rárá tí mo fi mọ ohun tí mo ṣe. Obìnrin kan tó ga bí òpó iná fò sókè níwájú ọmọ mi, àárín wọn kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́fà lọ, ó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ la bọ́ọ̀lù náà mọ́ ọn. Ọmọ mi ò yẹ̀. Ó na apá méjèèjì, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó fi gbogbo ara sílẹ̀ kí bọ́ọ̀lù rí i bà. Iṣẹ́ aṣọ́lé nínú eré yẹn nìyẹn. Bọ́ọ̀lù náà bà á ní àyà. Òmíràn bà á nítan. Òmíràn bà á léjìká. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń hó yèè, wọ́n ń gbá mi lẹ́yìn, wọ́n ní Àlájì, akọni lẹ bí. Ibi tóóró tí mo fi tépù mi wọ̀n, ibẹ̀ ni gbogbo àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù náà dojú kọ.

Nígbà tí eré ń lọ sópin, ọ̀kan bà á lójú. Ó ṣubú. Èmi tí n kì í jó irin láìdé gíláàsì dúdú, mo fi ọmọ mi síbẹ̀ pẹ̀lú ojú lásán! Dókítà sáré wọlé, ó fi nǹkan tútù lé ojú náà. Ọmọ yìí jókòó, ó mi orí, ó dìde, ó padà sẹ́nu góòlù, ó sì tún na apá rẹ̀ méjèèjì. Mo ti rí ọkùnrin gìrìpá tí iná ta sí lójú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó fi iṣẹ́ wẹ́dà sílẹ̀. Èyí tún dúró de òmíràn, ó sì gbá a dànù. Orí mi wú, ẹ̀rù sì bà mí dé ọ̀run. N kò mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì.

Góòlù kan ṣoṣo ni wọ́n fi borí wa. Kóòṣì tó kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́ pè mí, ó ń sunkún, ó ní láti ìgbà tí òun ti ń wo ẹgbẹ́ wa, òun ò rí aṣọ́lé tó dá àwọn yẹn dúró tó bẹ́ẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti pinnu: ọmọ mi ò ní dúró síbẹ̀ mọ́. Mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi, ó ní, “Ṣebí ẹ̀yin lẹ fi í síbẹ̀.” Mo rò ó lórí ìrun, mo rò ó lẹ́nu iṣẹ́, títí ọmọ fi dé.

Lẹ́yìn àlàásárì ló wọlé, báàgì léjìká, ojú òsì ti wú pa, ó ti dúdú. Ó kúnlẹ̀ kí mi. N kò tiẹ̀ jẹ́ kó dìde tán.

“Mo ti rò ó,” mo ní. “Wọ ṣòkòtò péńpé tí wọ́n ń wọ̀. Èyí tó lẹ̀ mọ́ra náà, wọ̀ ọ́. Mi ò ní bínú. Ṣáà kúrò lẹ́nu góòlù yẹn.”

Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọmọ náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé mo ń ṣẹ̀fẹ̀. Nígbà tó rí ojú mi, ẹ̀rín náà parẹ́. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi.

“Bàbá,” ó ní, “tí mo bá kúrò níbẹ̀, ọmọ ta ni kí wọ́n fi síbẹ̀?”

Kò fi ìwọ̀sí sọ ọ́. Ìbéèrè ló ń bi mí, ó sì ń dúró de èsì. Mo ro àwọn ọmọ tí mo rí lórí fóònù, àwọn tó sáré wá gbé e dìde. Mo ro àwọn ọmọbìnrin àdúgbò wa, ti ará iwájú, ti Lèmọ́mù. N kò rí ọmọ ẹnì kankan tí mo lè ní kó gba ibẹ̀.

Mo ní kí ìyá rẹ̀ bá mi gbé omi gbígbóná wá. Èmi fúnra mi ni mo ki aṣọ bọ̀ ọ́, mo fún omi ara rẹ̀ dànù, mo fi ń tẹ ojú náà díẹ̀díẹ̀. Mo ní kó má bínú sí mi. N kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ kankan rí nínú ilé náà.