Leota àti Owó Orí Ilẹ̀ fún Ọsibítù

Ní agbègbè wa ní Kansas, owó orí ilẹ̀ la fi ń gbé ọsibítù wa ró, a sì máa ń dìbò bóyá ká máa san án lọ. Leota Unruh, àgbẹ̀ àlìkámà tí àìsàn ò dá dùbúlẹ̀ rí, kì í pa ìbò náà jẹ. "Ká san án" ló máa ń dì í fún. Àbúrò rẹ̀ Delbert ní tiẹ̀ máa ń pariwo pé wọ́n ń ja àgbẹ̀ lólè. Ó máa ń ṣe mí bíi kí n fi búrẹ́dì dí i lẹ́nu.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò sùn sórí bẹ́ẹ̀dì wọn rí. Kí lẹ̀ ń sanwó fún?"

"Ilé tìẹ náà ò jó rí. Ṣé ká ta ọkọ̀ panápaná ni?"

Ìbò tiwa ló wọlé.

Nígbà ìkórè, ọkàn Delbert ṣàdédé daṣẹ́ sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ ìkórè rẹ̀. Ọsibítù wa ló gbà á là. Ibi tí òmíràn wà ti jìnnà jù. Bí ìṣe wa, gbogbo aládùúgbò ló gbé ẹ̀rọ wá kórè oko rẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan tiwọn. Leota ló ṣáájú wa. Tòun ti ìyàngbò lórí ló wọ yàrá aláìsàn.

Delbert bú sẹ́kún. "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi."

"Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Oko rẹ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kórè yẹn ni kó o dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Òun ló ń sanwó bẹ́ẹ̀dì yìí látọjọ́ yìí. Ariwo nìkan nìwọ ń pa."