Brutto, Netto àti Iye Ọmọ Mi

Ilé tí mo ń fẹ́ ní Spandau, nílẹ̀ Jámánì níbí, kò tóbi. Yàrá kan ni, pẹ̀lú ilé ìdáná tí ènìyàn méjì kò lè yí padà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n èmi nìkan ni n ó máa di kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mú. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń bá obìnrin kan pín ilé gbé. Ènìyàn dáadáa ni, àfi pé bí mo bá ti fi irú sọ́bẹ̀ báyìí, gbogbo fèrèsé ló máa ń ṣí sílẹ̀, ì báà jẹ́ pé yìnyín ń bọ́ níta. Mo fẹ́ máa jẹ irú mi láìwọ ẹ̀wù òtútù.

Obìnrin tó ń bójú tó ilé náà ní ọ́fíìsì onílé sọ ìlànà wọn fún mi. Yúrò 595 ni owó ilé lóṣù. Owó tí mo ń mú délé gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀, ìyẹn 1,785. Ọkàn mi balẹ̀, nítorí yúrò 2,500 ni wọ́n kọ sórí ìwé owó oṣù mi, níbi tí mo ti ń fọ aṣọ fún ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Mo na ìwé náà sí i. Ó fi ìka kọjá lórí 2,500 bí ẹni tó ń gbọn eruku, ó sọ̀ kalẹ̀ dé ìdí ìwé, ó sì fi ohun tó wà níbẹ̀ hàn mí: 1,766.50. Ó ku yúrò méjìdínlógún ààbọ̀. Ó ní òun yóò dá ilé náà dúró fún mi títí ìwé owó oṣù tó ń bọ̀ yóò fi jáde. Bí kò bá pé nígbà náà, ẹlòmíràn ti tò sẹ́yìn mi.

Ojú tì mí. Èmi tí ìbọ̀sẹ̀ arúgbó kan kò sọnù rí lọ́wọ́ mi, n kò ka àárín ìwé owó oṣù mi rí. Mo mọ òkè rẹ̀, tí í ṣe Brutto, gbogbo owó kí wọ́n tó yọ nǹkan kan, mo sì mọ ìdí rẹ̀, tí í ṣe Netto, èyí tó ń dé ọwọ́ mi. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín méjèèjì, mo fi í sílẹ̀ fún ìjọba.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Harburg, lọ́dọ̀ ọmọ àbúrò ìyá mi. Ilé ìkẹ́rùsí kan ní èbúté Hamburg ló ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ṣe àṣìṣe nínú owó oṣù rẹ̀ nígbà kan, láti ìgbà náà ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé yìí, débi pé nínú bọ́ọ̀sì àwọn òṣìṣẹ́, ìwé tiwọn ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń nà sí i kí wọ́n tó kí i. Ó ti àwo ìrẹsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì mú pẹ́ńsù.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó fún mi. 232.50 jẹ́ ti owó ìfẹ̀yìntì. 213.75 jẹ́ ti ìlera. 32.50 jẹ́ ti ìgbà tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn. 194.75 ni owó orí. Ọgọ́ta yúrò géérégé ni ti Pflegeversicherung, owó ìtọ́jú ẹni tí kò bá lè wẹ̀ fúnra rẹ̀ mọ́. Mo ní èyí kò dùn mí, aṣọ wọn ni mo ń fọ̀. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni pẹ́ńsù rẹ̀ dúró sí. Ó ṣírò nǹkan kan, ó tún un ṣírò, ó wá gbójú sókè.

“Àǹtí mi, ta ló sọ fún wọn pé ẹ ò bímọ?”

Mo ní kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀. Ó ṣàlàyé pé ẹni tí kò lọ́mọ ń san jù nínú owó yìí, àti pé ẹni tó ní ju ọmọ kan lọ tún ń rí ẹ̀dínwó gbà tí àwọn ọmọ náà kò bá tíì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Kò sí ìkankan nínú àwọn ọmọ tèmi tó tíì pé bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ iye tí àgàn ń san ni wọ́n ń yọ lọ́wọ́ mi.

Ìgbà náà ni mo rántí fọ́ọ̀mù tí mo kọ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n bi mí iye ọmọ tí mo ní. Ìyá mi kọ́ wa pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, áńbọ̀sì kí ọlọ́mọ fẹnu ara rẹ̀ kà á fún àjèjì. Mo rò pé ẹni tó ṣe fọ́ọ̀mù náà kò ní ẹ̀kọ́ ilé ni. Mo fi àyè náà sílẹ̀ ní òfìfo.

Àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé orí lé tábìlì. “Ọdún méjì gbáko lẹ fi ń san owó àgàn, ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ.”

Mo ní kò sí ohun ẹ̀rín níbẹ̀, èèwọ̀ ni èèwọ̀ ń jẹ́. Ó ní ikú kì í lọ ka fọ́ọ̀mù ní ọ́fíìsì àwọn ará Jámánì, ìlà tí ènìyàn máa tò síbẹ̀ ti pọ̀ jù. Mo ń ro ilé Spandau, mo sì ń ro ojú ìyá mi. Ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ mí lára, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

“Ẹ má kà wọ́n. Ẹ kọ orúkọ wọn, kí ẹ fi ìwé ìbí wọn tì í. Kí àwọn ará Jámánì fúnra wọn kà á.”

A wá ṣírò rẹ̀. Ọgọ́ta yóò di 32.50, ìyẹn ni pé 27.50 yóò padà sọ́wọ́ mi. Mo ti fẹ́ dìde jó nígbà tó na ọwọ́ dá mi dúró. Ó ní bí owó kan bá dín kù, owó orí á yọjú láti bu tirẹ̀. Ó fi ẹ̀rọ orí fóònù rẹ̀ wò ó: owó orí yóò fi 7.10 gòkè. Èyí tó kù fún mi jẹ́ 20.40. Mo fi ọwọ́ ara mi rò ó pọ̀ mọ́ Netto mi: 1,786.90. Ó fi yúrò kan àti àádọ́rùn-ún sẹ́ǹtì ju ohun tí onílé ń béèrè.

Mo pe àkọ́bí mi ní Ìbàdàn pé kó fi ìwé ìbí gbogbo wọn ránṣẹ́. Ó béèrè ìdí rẹ̀. Mo ní àwọn ará ibí rò pé n kò bímọ. Ó ní ṣé kí àwọn ya fọ́tò papọ̀ kún un. Mo ní ìwé nìkan ti tó.

Lọ́jọ́ Ajé, mo gbé e lọ fún ọkùnrin tó ń ṣètò owó oṣù wa. Mo ti to orúkọ wọn sórí ìwé, ọ̀kan lábẹ́ èkejì, n kò fi nọ́ńbà sí i. Ó fi bírò tọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á sókè. Mo húkọ́ bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó dúró kí n ṣe tán, ó wá bi mí bóyá mẹ́ta ni. Mo fi èdè Jámánì dá a lóhùn pé, “Àwọn nìyẹn.” Ó wò mí díẹ̀, ó sì tẹ ohun tó fẹ́ tẹ̀.

Nígbà tí oṣù parí, mo gbé ìwé tuntun lọ bá obìnrin ọ́fíìsì onílé. Ó fi ẹ̀rọ ìṣírò sọ 595 di ìlọ́po mẹ́ta, ó wo ìdí ìwé mi, ó tún ẹ̀rọ náà tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní ó há díẹ̀. Mo ní ó pé. Ó gbé ìwé àdéhùn síwájú mi, ó sì fi ìka tọ́ka sí ibi tí n ó ti fọwọ́ sí i ní ojú ewé tó kẹ́yìn. Mo ṣí i padà sí ojú ewé àkọ́kọ́. Ó lọ po kọfí, ó mu ún tán, ó lọ fọ ife rẹ̀. Nígbà tó padà dé, ojú ewé kẹrin ni mo ṣì ń kà.