Ọjọ́ Tí Bàbá Yára Sọ Ọ̀gá Di Àpótí

Bí wọ́n bá dárúkọ olóògbé Bàbá Yára ní ọ́fíìsì, ọjọ́ tó sọ ọ̀gá di àpótí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ. Ó to èèyàn mẹ́jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó lẹ nọ́ńbà mọ́ wọn láyà, ó ní àpótí tí kọ̀ǹpútà ń kó nọ́ńbà pa mọ́ sí nínú mẹ́mọ̀rì ni wọ́n. Ọ̀gá ni àpótí kẹta. Bó ṣe la ẹnu, Bàbá dá a dúró.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, àpótí kì í sọ̀rọ̀."

Iṣẹ́ Bàbá ni kóòdù tó ń tún ètò kọ̀ǹpútà àwọn ẹlòmíì tò kó lè sáré. Òun fúnra rẹ̀ kì í sáré: tó bá gbéra láàárọ̀ láti lọ mumi, ọ̀sán ló ń dé ìdí omi. Ogún ọdún ló fi kọ kóòdù yẹn, kò sì gbà rí pé àṣìṣe wà níbẹ̀.

"Kóòdù mi kọ́. Iná ló ń ṣe ségesège." Bí iná ò bá ṣe nǹkan kan: "Ooru ni."

Àfi ìgbà tí ẹ̀rọ tó ń ka bí ọkàn aláìsàn ṣe ń lù, tí kóòdù Bàbá tún ètò rẹ̀ tò, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé nọ́ńbà àtijọ́ jáde. Ọ̀gá ní tí Bàbá ò bá rí ohun tó fà á títí di ọjọ́ Ẹtì, àwọn á yọ kóòdù náà dànù.

"Ogún ọdún! Ẹ fẹ́ gé e bí èékánná?"

Ló bá to àpótí. Ó ń fún wọn ní bébà tó kọ nọ́ńbà sí, ó ń gbà á padà, bí kóòdù ṣe tò ó gẹ́lẹ́. Ó yípo lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ẹsẹ̀ ọ̀gá ti kú tipẹ́, ó ti lọ jókòó sí yàrá rẹ̀.

Ìyá tó ń gbálẹ̀, àpótí keje, ló pòṣé. "Bàbá, ẹ tún ti gba bébà àtijọ́ lọ́wọ́ mi. Tuntun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ fún mi ṣì wà lápò yín!"

"Màmá, àpótí kì í..." Ó tọwọ́ bàpò.

Ibì kan nínú kóòdù pe ìyá ní "ìkeje", ibòmíì pè é ní "ẹni tó tẹ̀ lé ìkẹfà". Kóòdù rò pé èèyàn méjì ni, ló bá ń fi ìkánjú gba nọ́ńbà àtijọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó fún un ní tuntun.

Bàbá tún un tò. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀rọ ń kà á bó ṣe yẹ.

"Ta ló rí i?" ọ̀gá bi í.

"Ta lẹ tún rò?" Ó na àyà síwájú.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé ikú rẹ̀, obìnrin tó gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣí kóòdù náà. Ó rí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, irú èyí tí èèyàn máa ń kọ sáàárín kóòdù tí ẹ̀rọ kì í kà: "Ìyá tó ń gbálẹ̀ ló rí àṣìṣe yìí. Èmi ni mo ṣe é. Ẹ má sọ fún ọ̀gá o."

Ó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ó gbé e lọ fún ìyá. Ìyá rẹ́rìn-ín títí, ó wá rọra ká bébà náà sápò.

"Ó káre," ó ní. "Lọ́tẹ̀ yìí, ó fún mi ní bébà tèmi kó tó lọ."