Pẹpẹ Ọṣẹ Tí Gàníyù Kàn fún Morufat

Ọdún 1974 ni mo kọ́kọ́ mọ Gàníyù káfíńtà, nígbà tí ó wá kan pẹpẹ sí balùwẹ̀ wa. Kí ó tó mú ìṣó kankan jáde, ó ní kí èmi àti ìyàwó mi dúró lábẹ́ ṣáwà, kí a nawọ́ bí ẹni fẹ́ mú ọṣẹ. Ó fi okùn wọn apá wa, ó ta kókó sí i.

"Ẹni tí ọṣẹ wà lójú rẹ̀ kì í wo ibi tí nǹkan wà," ni ó wí. "Ọwọ́ ló fi ń mọ̀ ọ́n."

Bí ó ti ń ṣe fún gbogbo oníbàárà nìyẹn, yóò sì gbé okùn náà lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tí ó ti ń fá pákó lábẹ́ páànù lẹ́yìn ilé bàbá rẹ̀.

Lọ́dún kejì, ara Morufat ìyàwó rẹ̀ rọ lápá òsì. Àwọn obìnrin agboolé ló ń wẹ̀ ẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó sọ fún ọkọ rẹ̀ láti orí ibùsùn pé, "Bàbá Afusat, ojú ń tì mí. Bí mo bá jókòó sórí àpótí, tí ọṣẹ àti kànìnkànìn wà ní àrọ́wọ́tó mi, n ó máa dá wẹ̀."

"Èmi tí mò ń kàn án fáwọn ará báńkì? Ṣé tìẹ ni yóò wá ṣòro?"

"Ẹ má kàn kùn ún ní fánísì dán jù o. Mi ò fẹ́ máa wo ara mi bí mo ṣe ń wẹ̀."

Gàníyù rẹ́rìn-ín. Ó na okùn lé apá rẹ̀ ọ̀tún. Ìgbà náà ni Sàdíátù, ẹ̀gbọ́n Gàníyù, gbé ẹ̀kọ gbígbóná wọlé.

"Gàníyù, kí lò ń wọ̀n?"

"Apá rẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Pẹpẹ ni mo fẹ́ kàn fún un."

"Òkú ni wọ́n ń fi okùn wọ̀n lórí ibùsùn. Aláìsàn wo lo rí tí wọ́n wọ̀n, tó tún dìde? Ká okùn rẹ."

Gàníyù wojú Morufat, ó rí i pé ẹ̀rù ti bà á. Ó ká okùn. Ó dá Gàníyù lójú pé òun mọ apá obìnrin tí òun ti ń bá gbé láti ìgbà èwe. Ṣùgbọ́n apá tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni èyí tó máa ń nà láti sá aṣọ, kì í ṣe ti ẹni tí kò lè tẹ̀ síwájú lórí àpótí mọ́.

Ó fá igi ìrókò náà títí ó fi jọ̀lọ̀, ó kàn án mọ́ ògiri. Morufat wọ balùwẹ̀ lóun nìkan, gbogbo agboolé sì ń kí i kú oríire. Ó kù díẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ tó ọṣẹ. Ojú tì í láti pe ẹnikẹ́ni. Ó gbé ìdí kúrò lórí àpótí, ó nawọ́ sí i.

Ó yọ̀ ṣubú, egungun itan rẹ̀ sì kán. Àwọn obìnrin gbé e jáde tòun ti ìfófòó ọṣẹ lára. Kò dá wẹ̀ mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé, kí ọdún náà tó parí.

Níbi àdúrà fìdáù, Sàdíátù sún mọ́ àbúrò rẹ̀. "Okùn yẹn ti kan ara rẹ̀ kí o tó ká a," ni ó wí.

Gàníyù mọ̀ pé àìwọ̀n ló pa á. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ni Sàdíátù, ó sì ń sunkún. Gàníyù wá àga fún un kó jókòó.

Ìjẹ̀bú-Òde ni Gàníyù wà báyìí, lọ́dọ̀ Afusat ọmọ rẹ̀. Bẹ́ńṣì ilé kéú, tí kò gba wíwọn apá ẹnikẹ́ni, ló ń kàn níbẹ̀.