Obì Dúdú Tó Jáde Nínú Kànga Sábó

Mo ti kọ àkọlé ìròyìn náà kí n tó kọ nǹkan mìíràn: "Epo Mẹkáníìkì Ba Kànga Jẹ́ ní Ṣàgámù." Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ó kúrú, ó mú, kò sì sí òótọ́ kankan nínú rẹ̀. Títí di òní ni mo ń dúpẹ́ pé kò jáde.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ló ni kànga náà. Sábó, ní Ṣàgámù, ló ti ń ṣòwò obì gbànja láti kékeré mi. Bí obì bá ti oko dé, òun àti àwọn obìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ á rẹ ẹ́ sómi títí èèpo funfun ara rẹ̀ á fi rọ̀. Wọ́n á bó o, wọ́n á ṣàn án, kí wọ́n tó kó o sínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ewé tẹ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, kànga gbẹ. Màmá ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ jìn sí i. Àwọn tó gbẹ́ ẹ kan ẹrẹ̀ dúdú kan tó ń rùn, omi sì yọ lábẹ́ rẹ̀.

Kò pẹ́ tí wàhálà fi dé. Obì tó wọ inú omi ní pupa rẹ́súrẹ́sú jáde ní dúdú bí ìdí ìkòkò. Afẹ́fẹ́ ń ru sókè látìsàlẹ̀ kànga, pọ̀ọ̀, pọ̀ọ̀, bí ẹni pé wọ́n dáná sábẹ́ rẹ̀. Omi tó bá dúró nínú bàsíà di ọjọ́ kejì a sì máa yọ awọ kan tó ń dán lójú, bí ìgbà tí epo mọ́tò bá kán sínú ọ̀gbàrá.

Ẹ̀yìn ògiri kànga yẹn gan-an ni mẹkáníìkì kan ti ń tún mọ́tò ṣe láti ọdún mẹ́sàn-án.

"Kí la tún ń wá?" Màmá bi mí lórí fóònù. "Epo rẹ̀ ti wọlẹ̀. Obì ti jẹ́rìí, obì kì í sì í purọ́. Ìwọ ṣáà wá kọ ọ́."

Ọjọ́bọ̀ ni mo dé. Ẹbí tó ni ilẹ̀ ibi iṣẹ́ mẹkáníìkì ti sọ fún un pé tó bá di Sátidé, kó kó irin rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Mo bá a lórí táyà tó jókòó lé.

"Ọ̀gá akọ̀ròyìn," ó ní, "inú dúrọ́ọ̀mù ni mò ń da epo dúdú sí, àwọn kan máa ń wá rà á. Omi kànga yẹn làwọn ọmọ mi ń mu. Ṣé èmi ni màá wá fún ọmọ mi lépo mu?"

Mo kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò gbà á gbọ́. Kò sí afurasí tí mo bá sọ̀rọ̀ rí tí kì í dárúkọ ọmọ.

Olóòtú wa ló kó mi yọ. Ó ní òun ò ní í gbé e jáde láìsí onímọ̀ kan. Mo bá pe tíṣà tó kọ́ wa ní kẹ́místírì, tó ti fẹ̀yìntì sí Ìkẹ́nnẹ́. Mo rò pé yóò kàn fọwọ́ sí i lórí fóònù ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó fi àpò kó àwọn òfìfo ìgò dání.

Ó ní kí wọ́n gbé bàsíà wá, kí wọ́n sì pe mẹkáníìkì. Ó fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan gún awọ tó ń dán náà. Ó fọ́ wẹ́wẹ́ bí àwo, kò sì padà pọ̀ mọ́.

"Mẹkáníìkì, kán epo díẹ̀ sínú omi mìíràn."

Ó kán an. Tíṣà gún ìyẹn náà. Ó là, ó sì tún para pọ̀.

"Ẹ rí i? Epo a máa wá ara rẹ̀ rí. Tinú kànga yìí kì í ṣe epo. Irin inú omi ni, òun ló ń dóògún lójú omi."

"Irin kẹ̀?" Ojú Màmá tún yí sí ẹ̀yìn ògiri.

Mẹkáníìkì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá kún un! Irin ló pọ̀ jù lọ́dọ̀ mi!"

Tíṣà rẹ́rìn-ín. "Inú ilẹ̀ ló ti wá. Ẹrẹ̀ dúdú tí wọ́n kàn yẹn, ewé àti igi àbàtà àtijọ́ ló jẹrà síbẹ̀. Ibi tí nǹkan bá ti jẹrà tí afẹ́fẹ́ ò dé, gáàsì á wà níbẹ̀, omi á sì máa tú irin jáde lára ilẹ̀."

Ó la obì kan sí méjì, ó ju apá kan sínú omi òjò, èkejì sínú omi kànga. Kí a tó jẹ ìkọ́kọrẹ́ tí Màmá gbé fún wa tán, tinú omi kànga ti ń dúdú. "Oje obì àti irin kì í pàdé kó má dúdú," ó wí.

Ó fi ìgò gba afẹ́fẹ́ tó ń ru, ó gbé e jìnnà sí kànga, ó ṣáná sí i. Iná kékeré aláwọ̀ búlúù jó, kò rú èéfín, kò rùn bí bẹntiróòlù. Ó wá kìlọ̀: ẹ má gbé iná súnmọ́ ẹnu kànga, ẹ má dé e pa, kẹ́nikẹ́ni má sì wọ inú rẹ̀. Omi òjò ni kí wọ́n máa fi rẹ obì. Ó gbé omi lọ fún àyẹ̀wò pẹ̀lú. Nígbà tí èsì dé, wọn ò bá epo kankan níbẹ̀.

Obì ò purọ́ lóòótọ́. Àwa la ò bi í ní ìbéèrè tó yẹ.

Màmá ò dúró de èsì. Ó wé gèlè, ó lọ bá ẹbí tó ni ilẹ̀. Nígbà tó padà dé, ó ní, "Mo ti bá wọn sọ ọ́. O ò lọ síbì kankan." Ó na obì kan sí mẹkáníìkì, ó tóbi, ó pupa, ó ń dán. "Má bínú sí mi."

"Màmá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Dúdú ni kẹ́ ẹ fún mi."

"Dúdú kẹ̀?"

"Òun ló fẹ́ lé mi lọ. Ẹ jẹ́ kí n rún un."

Màmá mú dúdú kan fún un, ó jù ú sẹ́nu. Gbogbo wa ń wo ẹnu rẹ̀.

"Ó korò?" Màmá béèrè.

"Bí obì ṣe ń korò náà ni, Màmá."